Ilé ìyá ní Lọ́ńdọ̀nù: Ọmọkùnrin ní ká tà á kíá, ọmọbìnrin ní ká rọra

Ẹni tó bá ń rìn kiri àdúgbò l'Ékòó á ti rí i lára ògiri ilé onílé. Wọ́n á fi ọ̀dà kọ ọ́ gàgàrà síbẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà o, ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀. Ohun tó fa irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ò nílé ló ń bá wọn tà á, tàbí kí ọmọ bàbá kan lọ gbowó lẹ́yìn àwọn yòókù. Ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Òdìkejì ẹ̀ lèèyàn máa ń rí níbẹ̀. Ara òpó iná ni wọ́n ń lẹ ìwé tiwọn mọ́, wọ́n á sì tún ti òmíràn bọ ihò lẹ́tà lẹ́nu ilẹ̀kùn: "A ń ra ilé èyíkéyìí. Owó kẹ́ẹ́ṣì. Ọjọ́ méje péré." Nọ́ńbà fóònù á wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹni tí nǹkan rọ̀ lọ́rùn fún á jù ú sínú ike ìdọ̀tí. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ á ká a sápò. Irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ tú ìdílé kan ká ní Abbey Wood, lápá gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni àádọ́rin ọdún, nọ́ọ̀sì ló sì ṣe ní ọsibítù ìjọba fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé káńsù lòun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé nígbà tọ́mọ wà ní kékeré. Òfin tí ìjọba Margaret Thatcher ṣe lọ́dún 1980 ló fàyè gba ẹni tó ń gbé ilé káńsù láti rà á ní ẹ̀dínwó, bí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ sì ṣe di onílé nìyẹn. Tọkọtaya yìí náà yáwó ní báǹkì, wọ́n ra tiwọn. Ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé ilé náà, bàbá pa ẹran, àwọn ará ilé ìjọsìn wá jẹun, inú gbogbo èèyàn ń dùn ṣìnkìn.

Irú owó tí wọ́n yá gan-an ló bí wàhálà. Èlé nìkan ni wọ́n ń san lóṣooṣù. Ojúlówó owó jókòó síbẹ̀ bí òkúta, ọjọ́ tí àdéhùn bá parí ni wọn ó san án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lásìkò yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n máa dáwó sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò, pé owó náà á lọ́mọ títí tí yóò fi tó san gbèsè. Fún ọ̀pọ̀ ìdílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó náà ò tó o. Ti ìdílé yìí ò tó rárá. Nígbà tí bàbá sì kú, ilé tó wà lórúkọ àwọn méjèèjì bọ́ sọ́wọ́ ìyá nìkan, gbèsè náà sì bá a bọ̀. Kò pẹ́ tí lẹ́tà báǹkì dé: £58,000, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ san án ò sì ju oṣù mẹ́ta lọ.

Ọmọ méjì ni ìyá ní. Ọkùnrin ni àkọ́bí, ó máa ń kó mọ́tò tókùnbọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Obìnrin ni àbúrò, ọ́fíìsì káńsù ló ń bá ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé kan ni àkọ́bí wọlé tòun ti ìwé pélébé yẹn lọ́wọ́.

Ó ní: "Màámi, ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ló fi ìwé yìí ránṣẹ́? Báǹkì ń bọ̀ wá gba ilé mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká tà á kíá, ká sanwó wọn, kẹ́ ẹ sì kó ìyókù dání lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ sinmi n'Ìjẹ̀bú."

Àbúrò ẹ̀ ní: "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Ilé tá a fẹ́ tà yìí, èló ló tó?"

"Èló kẹ̀? Iye tí wọ́n bá mú wá náà ni."

Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí kò sùn látọjọ́ tí lẹ́tà báǹkì ti dé, kí ló fẹ́ sọ?

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gbẹ́ni tó ń ra ilé dé. Kóòtù ọrùn ẹ̀ mọ́ tónítóní, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó mu tíì, ó ní fọ́tò bàbá tó wà lára ògiri dára gan-an. Ó yẹ ilé wò lókè nísàlẹ̀. Ó ní ilé náà á tó £400,000 bó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ dá, ṣùgbọ́n ìkùukùu ọ̀rinrin wà lára ògiri ẹ̀yìn, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru sì ti gbó. £330,000 làwọn máa san. Ìyá ò ní san kọ́bọ̀ fún ejẹ́ǹtì, kò ní san kọ́bọ̀ fún lọ́yà, àwọn gan-an lóun á fún un ní lọ́yà. Ó yọ bébà kan, ó ní kí ìyá kàn buwọ́ lù ú kíṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí fún ìyá ní báírò. Ìyá buwọ́ lù ú.

Ohun tó wà nínú bébà náà ni pé fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìyá ò gbọ́dọ̀ fi ilé náà han ẹlòmíràn, kò gbọ́dọ̀ tà á fún ẹlòmíràn. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó ń rà á gbọ́dọ̀ rà á.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọjọ́ méje kọjá, wọ́n ní sọ̀féyọ̀ ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọ́n ní lọ́yà lọ fún ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, wọ́n ní ìwé kan kù tó ń bọ̀ láti káńsù. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá ti di ẹrù ẹ̀ sínú páálí, ó ti fi aṣọ òtútù ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dá Fráídè kan ní ọ̀sẹ̀ keje pé ọjọ́ náà làwọn máa pààrọ̀ ìwé àdéhùn. Nígbà tó di alẹ́ Wẹ́sìdeè, fóònù dún. Ọ̀gbẹ́ni kóòtù ni. Ó ní inú òun ò dùn láti sọ ọ́ o, àmọ́ sọ̀féyọ̀ rí ògiri tó sán, àwọn tó ń kówó sílẹ̀ sì ti sọ pé £290,000 làwọn lè san. Bí ìyá ò bá fẹ́, kó sọ kó tó di Fráídè, káwọn wá ibòmíì gbà.

Ogójì ẹgbẹ̀rún pọ́ùn ló wọlẹ̀ lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta!

Àkọ́bí ní kí wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní £290,000 nínú ọwọ́ sàn ju ilé tí báǹkì máa tì lọ. Àbúrò ní láéláé. Ohùn ga. Àkọ́bí ní àbúrò òun ń fi ìwé tó kà yọ òun lẹ́nu, pé torí kó lè máa gbé inú ilé náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni ò ṣe fẹ́ kí wọ́n tà á. Àbúrò bú sẹ́kún. Ìyá ní kí wọ́n má fi ilé bàbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lójú òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó wá ní: "Ẹ fún mi dọ́la."

Ọmọbìnrin náà gbààyè lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nǹkan mẹ́rin péré ló ṣe, nǹkan mẹ́rin ọ̀hún náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe.

Àkọ́kọ́, ó yẹ iye tí wọ́n ta àwọn ilé àdúgbò náà wò. Kì í ṣe àṣírí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ HM Land Registry ní àkọsílẹ̀ iye tí wọ́n ta ilé láti ọdún 1995 wá, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rí i pé ilé mẹ́ta tó jọ tiwọn láàárín ọ̀nà wọn àti ọ̀nà kejì, kò sí èyí tó lọ lábẹ́ £385,000. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí látìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní May ọdún 2022, tí Abbey Wood sì jẹ́ ibùdókọ̀ ìparí ẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìgboro ti ń wá ilé síbẹ̀.

Ìkejì, ó pe ejẹ́ǹtì mẹ́ta tí wọn ò mọ ara wọn. Wọn kì í gbowó láti wá díye lé ilé. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ní £390,000.

Ìkẹta, ó wá lọ́yà tiwọn, ẹni tí iléeṣẹ́ tó ń ra ilé ò mọ̀. Lọ́yà rẹ́rìn-ín nígbà tó ka bébà náà. Ó ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí dìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ìwé àdéhùn, kò sẹ́ni tí títà tàbí rírà dè mọ́lẹ̀: ẹni tó ń rà á lè yí ohùn padà, ẹni tó ń tà á náà lè yí i padà. Ohun kan tó de ìyá ni ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó ní òun ò ní tà á fún ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n wà yìí. "Ẹ ṣáà má buwọ́ lu nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan yìí kọjá lọ."

Ìkẹrin, ó pe báǹkì. Èyí gan-an ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí ìyá ṣe é. Òfin àwọn tó ń darí iléeṣẹ́ owó níbẹ̀ sọ pé báǹkì gbọ́dọ̀ bá ẹni tó jẹ gbèsè ilé lò pẹ̀lú òótọ́, kí gbígba ilé sì jẹ́ nǹkan tí wọ́n máa ṣe kẹ́yìn pátápátá. Ọ̀nà kóòtù ni wọ́n sì ń gbà, kì í ṣe pé wọ́n á kàn wá ti ilẹ̀kùn. Obìnrin tó gbé fóònù ní báǹkì ní bí ìyá bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ilé ti wà lọ́jà, àwọn á fún un lóṣù mẹ́fà sí i, kó ṣáà máa san èlé ẹ̀ lọ. Àṣé oorun tí ìyá ò sùn látọjọ́ yìí, ìpè fóònù kan ló máa gbà!

Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn n'Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo ilé máa gbọ́ ohùn ẹ̀. Bàbá gbọ́ tọ̀tún gbọ́ tòsì, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní: "Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìwọ àkọ́bí, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè kan, má purọ́ fún mi. Ta lo jẹ lówó?"

Ilé pa rọ́rọ́.

Ó pẹ́ kí ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti san owó ìdákọ́mu lórí ilẹ̀ kan ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, òun yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni, wọ́n sì ti fún òun lọ́jọ́ tóun gbọ́dọ̀ mú ìyókù wá. Ó lérò pé ìyá á ya òun lówó nínú owó ilé. Mọ́tò méjì sì wà ní èbúté Èkó tí owó kọ́sítọ́ọ̀mù ẹ̀ ti ju owó tóun fi rà wọ́n lọ. Ó ní òun ò fẹ́ jí nǹkan kan, ìtìjú ni ò jẹ́ kóun lè sọ ọ́.

Bàbá ní: "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í dá iye lé ẹran. Ìwọ lebi ń pa, ìyá rẹ lò ń fi ẹran ẹ̀ tà." Ó kí wọn, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá ò pariwo. Ó ní: "Ọmọ mi, o ò bá ti sọ fún mi. Ilé yìí, alẹ́ ni mò ń jí lọ sí wọ́ọ̀dù kí n tó lè san èlé ẹ̀. Mi ò ní tà á fún ẹni tó ń fi fóònù gé owó mi. Tá a bá sì tà á dáadáa, a máa jókòó sórí gbèsè tìẹ náà, àmọ́ mi ò ní fowó sílẹ̀ fún ilẹ̀ tí ẹnì kankan nínú wa ò tíì fojú rí." Lọ́jọ́ Fráídè, òun fúnra ẹ̀ ló pe ọ̀gbẹ́ni kóòtù. Ó ní òun ò tà mọ́. Ọ̀gbẹ́ni gbé owó lọ sí £305,000 kíá. Ẹ ò rí nǹkan? Ògiri tó sán ti di lára padà láàárín ọjọ́ méjì!

Kì í ṣe ìdílé yìí nìkan ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún 2013, Office of Fair Trading, tó jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó òwò nígbà náà kí wọ́n tó pa á rẹ́ lọ́dún 2014, tú ìdí òwò ríra ilé kíákíá yìí wò. Ohun tí wọ́n rí ò ju èyí tójú ìyá yìí rí lọ. Àwọn kan ń gé owó nígbà tó bá ku wákàtí díẹ̀, tí ẹni tó ń talé ò ní lè padà sẹ́yìn mọ́. Àwọn kan ń parọ́ iye tílé tó. Àwọn kan ń pe ara wọn ní ẹni tó ní kẹ́ẹ́ṣì nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó máa rà á ni wọ́n ń wá kiri. Àwọn kan ń fi bébà de èèyàn mọ́lẹ̀. Kódà, ẹni tó bá ṣe é lóòótọ́ láìsí màgòmágó, ó máa ń gé nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá sí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára iye tílé tó. Owó ìkánjú nìyẹn.

Ìyẹn ò wá sọ pé gbogbo wọn ni gbájú-ẹ̀. Ilé mìíràn wà tí báǹkì ò ní yáni lówó láti rà, bóyá ìpìlẹ̀ ẹ̀ ti yẹ̀, bóyá fláàtì tí ọdún tó kù lórí ìwé ẹ̀ ti kéré. Tọkọtaya tó ń kọra wọn sílẹ̀ lè fẹ́ kó parí kíá. Ẹni tí kẹ́ẹ́ṣì bá ràn lọ́wọ́ nírú ipò bẹ́ẹ̀ lè gbà pé ẹ̀dínwó náà tọ́. Ṣùgbọ́n kó mọ iye tó ń sọ nù kó tó sọ ọ́ nù. Kó bi wọ́n pé níbo lowó wà, kí wọ́n fi ìwé báǹkì hàn án. Kó bi wọ́n bóyá àwọn gan-an ni wọ́n ń rà á àbí àwọn ń bá ẹlòmíì wá a. Kó wò ó bóyá wọ́n wà nínú National Association of Property Buyers, torí ọmọ ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ The Property Ombudsman, níbi téèyàn lè fẹjọ́ sùn sí. Kó má sì lo lọ́yà tí wọ́n bá fún un. Bó bá sì jẹ́ ìyára gan-an ló ń wá, gbàǹjo wà: níbẹ̀, bí òòlù bá ti dún, ó dè wọ́n nìyẹn. Ẹni tó rà á sábà máa ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lójú ẹsẹ̀, kó sì parí ìyókù láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ fún àgbàlagbà pé kó talé fóun kó sì máa sanwó ilé níbẹ̀ bí ayálégbé, kí wọ́n sá fún un. Ọ̀pọ̀ ló tibẹ̀ dẹni tí wọ́n lé jáde nínú ilé tó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀. Nígbà táwọn aláṣẹ owó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ òwò yẹn wò lọ́dún 2012, ohun tí wọ́n rí burú débi pé òwò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá wọlé.

Ilé Abbey Wood bọ́ sọ́jà lọ́sẹ̀ kẹsàn-án. Ó gbà wọ́n ní oṣù márùn-ún. Àwọn méjì wá, wọ́n wò ó, wọn ò padà. Lọ́yà pe lọ́yà, ìwé sọnù, wọ́n tún un kọ. Ìyá sọ tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, ó san ìyàtọ̀. Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló rà á nígbẹ̀yìn ní £392,000. Owó ejẹ́ǹtì lọ sí bíi £7,000, ti lọ́yà lọ sí bíi £2,000. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ fi wé £290,000: ó kù díẹ̀ kó jẹ́ £93,000 ni ìyá ò bá fi ta ìkánjú. Báǹkì gba £58,000 tiẹ̀, ó fún ìyá ní ìwé pé kò jẹ gbèsè mọ́.

Gbèsè mọ́tò tó wà ní èbúté, ìyá bá àkọ́bí san án. Ti ilẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, kò dá sí i. Ọmọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí ìyá ń lọ, òun náà ló wa mọ́tò tó gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, àbúrò ẹ̀ jókòó lẹ́yìn. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé àárín ọ̀nà. Nígbà tó yá, àkọ́bí na ike omi sẹ́yìn sí i, ó ní: "Gba omi." Àbúrò ní: "Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi."

Ìyá ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Ojú fèrèsé ló ń wò.